Orí òrùka dáyámọ́ǹdì: báwo ló ṣe yẹ kó ga tó kí òrùka ìgbéyàwó lè fara mọ́ ọn?

Akin_Manchester

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ẹ bá mi yẹ ìwọ̀n yìí wò kí n tó ní kí alágbẹ̀dẹ wúrà máa bá iṣẹ́ lọ.

Dáyámọ́ǹdì roboto ni òkúta náà, 1.51 kárátì. Ohun tó wà nínú ìwé-ẹ̀rí GIA rẹ̀ (iléeṣẹ́ tó ń yẹ dáyámọ́ǹdì wò) nìyí: fífẹ̀ 7.38 sí 7.41 mm, gíga láti òkè dé ìsàlẹ̀ 4.55 mm, igun apá òkè 34.5°, igun apá ìsàlẹ̀ 40.8°. Platinum la fẹ́ fi ṣe òrùka, èékánná mẹ́rin ni yóò di òkúta mú. Ara òrùka fẹ̀ ní 2 mm, ó nípọn ní 1.8 mm. Òrùka ìgbéyàwó tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà fẹ̀ ní 2 mm, ó nípọn ní 1.8 mm, kò sì ní òkúta lára.

Nọ́ọ̀sì ni àfẹ́sọ́nà mi, ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó tẹnu mọ́ ni pé kí òrùka méjèèjì fara kanra, kí àlàfo má ṣe wà láàárín wọn.

Alágbẹ̀dẹ ní 8 mm ni òun máa gbé orí òrùka sí. Ẹnìkan ní ó ti ga jù. Ẹlòmíràn ní bí òkúta bá ṣe ga tó ni yóò ṣe tàn tó. Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n wo ló tọ́, báwo lẹ sì ṣe dé ibẹ̀?

Ọwọ́Àgbẹ̀dẹ

Akin, kí o tó bá a jiyàn lórí 8 mm, bi í léèrè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Ọ̀nà méjì ni àwa alágbẹ̀dẹ ń gbà ka gíga orí òrùka. Àwọn kan ń wọ̀n ọ́n láti inú òrùka, níbi tí awọ ìka wà, títí dé ojú òkúta lókè. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ara òrùka, níbi tí irin parí sí. Nínípọn ara òrùka ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ìyẹn 1.8 mm nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ. Bó bá jẹ́ láti inú ló ti wọ̀n ọ́n, 8 mm ga. Bó bá jẹ́ láti ẹ̀yìn irin, 9.8 mm láti awọ ìka ló ń sọ, ìyẹn ò sì bójú mu rárá fún òkúta tó tó báyìí. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń wáyé láàárín oníbàárà àti alágbẹ̀dẹ lórí gíga, ibi yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà kan náà ni wọ́n jọ kọ sílẹ̀, ibi tí kálùkù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa máa wọ̀n láti inú òrùka nínú ìjíròrò yìí. Bí òrùka bá ti wà nílẹ̀, mú kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, fi ẹnu rẹ̀ kan sínú òrùka lábẹ́ orí gan-an, fi èkejì lé ojú òkúta. Ṣóńṣó ẹnu kálípà ni kí o lò. Inú òrùka tẹ̀, ẹnu kálípà tó fẹ̀ kò ní wọlé dé ibi tó jìn jù, yóò sì fi 0.1 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún iye tòótọ́.

ÀwòránCAD_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ohun méjì ló para pọ̀ di gíga orí òrùka: bí ṣóńṣó ìsàlẹ̀ òkúta ṣe jìnnà sí awọ ìka, àti gíga òkúta fúnra rẹ̀. Èkejì ò ṣe é yí, 4.55 mm ni. Ṣóńṣó nìkan ló kù tí a lè gbé sókè tàbí kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ká kọ́kọ́ wo ibi tó lè rẹlẹ̀ dé. Ṣóńṣó kò gbọdọ̀ kan ìka. Awọ ìka máa ń wú díẹ̀ wọnú ihò tó wà lábẹ́ orí òrùka, pàápàá nígbà ooru, nítorí náà 0.5 mm ni mò ń fi sílẹ̀. 0.5 + 4.55 = 5.05 mm. Bí ẹ bá lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ pẹ̀lú òkúta yìí, ṣóńṣó á bẹ̀rẹ̀ sí í gún ẹni tó wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ní 5.05, òrùka ìgbéyàwó ò ní fara mọ́ ọn. Ìdí òkúta rí bí àrọ: ó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ó ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ní igun 40.8°, gbogbo 0.86 mm tí a bá gòkè láti ṣóńṣó, òkúta á ti yọ 1 mm sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ara òrùka yín fẹ̀ ní 2 mm, torí náà ibi tí òrùka ìgbéyàwó ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà sí àárín ní 1 mm péré. Ẹ̀yìn òrùka ìgbéyàwó sì ga dé 1.8 mm. Bí ṣóńṣó bá wà ní 0.5, kí a tó gòkè dé 1.8, òkúta ti yọ 1.5 mm sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi irin èékánná àti ti agbọ̀n, ìyẹn férémù irin tí òkúta jókòó sínú rẹ̀, kún un, àlàfo á sún mọ́ 1 mm. Òkúta á bo àlàfo náà láàárín, ṣùgbọ́n ó máa hàn gbangba ní ọ̀tún àti òsì.

Ẹ wá gbé ṣóńṣó sí 1.5 mm. Ní gíga 1.8, òkúta ò tíì yọ ju 0.35 mm lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ó ku 0.65 mm fún irin kó tó kan òrùka kejì. Ìyẹn tó fún èékánná tó nípọn ní 0.9 sí 1.0 mm, bí èékánná bá dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí kò kọjú tààrà sí òrùka kejì, tí wọ́n sì fi fáìlì há a díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. 1.5 + 4.55 = 6.05 mm. Ìwọ̀n tiyín nìyẹn.

Nítorí náà, kí òrùka méjèèjì lè fara kanra, 1 mm péré ni ẹ máa fi kún ìwọ̀n tó rẹlẹ̀ jù. Láti 6.05 dé 8, ohun tó sọnù sáàárín kò ṣe iṣẹ́ kankan fún yín.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí: 1.5 mm yẹn kì í yí padà bí òkúta roboto bá tóbi tàbí bó bá kéré, torí pé igun ìdí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra bí wọ́n bá gé wọn dáadáa. Òkúta 1 kárátì fẹ̀ tó 6.5 mm, gíga rẹ̀ sún mọ́ 3.95, orí òrùka rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 5.45. 2 kárátì, 8.1 mm ní fífẹ̀, gíga rẹ̀ bíi 5.0, orí rẹ̀ á wà ní 6.5. 3 kárátì, 9.3 mm, gíga bíi 5.7, orí rẹ̀ á wà ní 7.2. Ẹ wò ó: 8 mm tí wọ́n dá lé òkúta 1.51 ga ju ohun tí òkúta ìlọ́po méjì rẹ̀ nílò lọ.

Àwọn iye wọ̀nyí dá lórí òrùka ìgbéyàwó tó nípọn ní 1.8. Bí tiyín bá jẹ́ 1.5, ẹ lè yọ 0.3 kúrò. Bó bá jẹ́ 2.2, ẹ fi 0.4 kún un.

Akin_Manchester

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti bi í: láti inú òrùka ló ti wọ̀n 8 mm. Ó ní ìdí tí òun fi gbé e sókè ni kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìsàlẹ̀, kí òkúta lè tàn. Ṣé òótọ́ ni?

Òkúta4C

Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni. Nígbà tí Tiffany & Co. gbé òrùka oní-èékánná mẹ́fà jáde ní New York ní 1886, àǹfààní tí gbogbo èèyàn rí nínú rẹ̀ ni pé ó gbé òkúta kúrò nínú irin, ìmọ́lẹ̀ sì ń yí i ká. Ọ̀rọ̀ náà nítumọ̀ nígbà yẹn, torí wọn ò tíì máa gé dáyámọ́ǹdì bí a ṣe ń gé e lónìí. Ní 1919 ni Marcel Tolkowsky ṣe ìṣirò igun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ padà sókè: 34.5° lókè, 40.75° nísàlẹ̀. Ẹ wo ìwé-ẹ̀rí Akin, òkúta rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu pátápátá.

Nínú òkúta tí wọ́n gé báyìí, ojú òkè ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ó kọlu ìdí òkúta lápá kan, ó fò lọ sí apá kejì, ó sì gba òkè jáde padà bọ́ sójú ẹni tó ń wò ó. Ohun tó ń mú kó fò bẹ́ẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá kọlu ojú ìdí òkúta láti inú ní igun tó ju 24.4° lọ, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ìlà tó dúró ṣánṣán sí ojú náà, kò lè jáde. Nítorí náà ìdí òkúta ń ṣiṣẹ́ dígí ìwojú. Bóyá afẹ́fẹ́ 0.5 mm ló wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí 3 mm, kò kan ìmọ́lẹ̀ tó ti ń padà sókè.

Ohun tó ń ba dígí yẹn jẹ́ ni ọ̀rá. Dáyámọ́ǹdì fẹ́ràn ọ̀rá, kò fẹ́ omi. Bí wọ́n ṣe mọ èyí ní Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà lópin ọ̀rúndún 19 ni wọ́n fi ń fi gírísì pa tábìlì, tí wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi sórí rẹ̀: dáyámọ́ǹdì á lẹ̀ mọ́ gírísì, ìyókù á bá omi lọ. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ìka. Òrí, àdín àgbọn, ìpara ọwọ́, ọ̀rá inú oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìdí òkúta. Ibi tí ọ̀rá bá wà, ìmọ́lẹ̀ á máa jò jáde níbẹ̀, òkúta á sì ṣókùnkùn láàárín.

Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa nípa gíga àti dídán ni pé: ṣé búrọ́ọ̀ṣì lè dé ìdí òkúta? Ní 6.05, ó dé. Ní 5.05, ó dé bí wọ́n bá dá ihò tó fẹ̀ sí inú ara òrùka lábẹ́ orí. Bí wọ́n bá fi irin dí ìsàlẹ̀ pa, ọ̀rá á wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Ẹ bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí i, ẹ rẹ òrùka fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe láti òkè nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹ dí ihò kòtò ìfọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

ÌyáOnígèlè

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ nípa ìmọ́lẹ̀, ẹ gbàgbé aṣọ. Akin, ọmọ mi, ohun tó ń fa òrùka gíga ya kì í ṣe ìbọ̀wọ́ nìkan. Léèsì ni àkọ́kọ́, pàápàá èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́. Gèlè ni èkejì: bí a bá ń ká a, tí a ń fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ ìṣẹ́po rẹ̀ wọlé, ẹ̀yìn ọwọ́ òsì ń kọjá lára aṣọ ní ìgbà púpọ̀, èékánná tó bá yọ díẹ̀ á fa òwú jáde. Irun dídì náà wà níbẹ̀, àti àpò ṣòkòtò jíǹsì.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí o: èékánná tí orí rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ òkúta máa ń fa aṣọ, ì báà ga, ì báà rẹlẹ̀. Ẹ mú ege léèsì tàbí òwú rírọ̀, ẹ fà á kọjá lórí òkúta láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibi tó bá ti há, èékánná ibẹ̀ ti ṣí. Kí ó bọ́ ọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Kó má dúró di ọjọ́ tí òkúta bá jábọ́.

Ọwọ́Àgbẹ̀dẹ

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀rọ̀ èékánná ni mo fẹ́ fi kún un, torí ibẹ̀ ni gíga ti ń di ewu.

Bí orí òrùka bá kọlu férémù ilẹ̀kùn, agbára tó ń tì í dànù ń pọ̀ sí i bó ṣe ga sí. Láti 6.05 lọ sí 8, ó fi ìdá mẹ́ta kún un. Irin náà ò yí padà, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ló pọ̀ sí i. Èékánná platinum máa ń tẹ̀, kì í tètè ṣẹ́, nítorí náà òkúta á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ ó sì gbọ́ ọ bí ẹ bá gbé e sétí tí ẹ sì fi ìka ta á. Ti wúrà funfun 14K le ju ìyẹn lọ, kì í tètè tẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn ní ìgbà mélòó kan, á ṣẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ gíga láti ìka nìkan kọ́ ló ń pinnu. Ibi tí èékánná dá dúró láìsí alátìlẹ́yìn gan-an ni kí ẹ wò, ìyẹn láti orí ìgbàjá, irin tó yí agbọ̀n ká, títí dé ìbàdí òkúta, etí rẹ̀ níbi tó ti fẹ̀ jù. Nínú iṣẹ́ yìí, bí ṣóńṣó bá wà ní 1.5, ìbàdí òkúta bẹ̀rẹ̀ ní 4.7. Kí orí ìgbàjá wà ní nǹkan bíi 3.5, kí ìgbàjá fúnra rẹ̀ nípọn ní 0.8. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wà ní 2.7, òrùka ìgbéyàwó tó ga ní 1.8 á kọjá lábẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbàjá kan tó. Bí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ fi èkejì sí ìsàlẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó gbé e sókè ju 2.0 mm lọ tàbí kó má jẹ́ kó fẹ̀ ju ara òrùka. Nínú òrùka tí wọ́n bá gbé wá fún àtúnṣe nítorí àlàfo, ìgbàjá ìsàlẹ̀ yìí ló máa ń jẹ̀bi, kì í ṣe òkúta.

Èékánná: kó nípọn ní 1.0 mm kí wọ́n tó gé ibi ìjókòó òkúta sínú rẹ̀. Kí ibi tí wọ́n gé má ju ìdá mẹ́ta nínípọn rẹ̀ lọ. Èékánná tí wọ́n gé kọjá ìdajì rí bákan náà lójú, ṣùgbọ́n ìkọlù kan péré ló kù fún un. Awò 10x, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, á fi hàn yín: ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ní ibi tí irin ti tẹ̀ gba orí ìbàdí òkúta kọjá.

Lórí 8 mm tó sọ: ọ̀pọ̀ ìgbà, orí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ni wọ́n máa ń rà fún òkúta 1.5 kárátì, ó ní ìdí gígùn tí wọ́n máa ń jó mọ́ ara òrùka. Bí alágbẹ̀dẹ kò bá gé ìdí yẹn kúrú, gíga tí wọ́n fi tà á ló máa gbé sórí ìka. Gígé rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ kàn sọ ọ́ kó tó jó o.

Nọ́ọ̀sì_Leeds

Bọ̀dá Akin, lórí ìbọ̀wọ́: nínú àwọn ilé ìwòsàn NHS, ti ìjọba, ní England, ìlànà tí wọ́n ń pè ní bare below the elbows (kí nǹkan má ṣe wà lápá láti ìgúnpá dé ọwọ́) kò gba òrùka olókúta láyè fún ẹni tó ń fọwọ́ kan aláìsàn. Òrùka kan tí kò ní òkúta ni wọ́n gbà. Ìdí ni pé kòkòrò ń sá pa mọ́ sábẹ́ òkúta àti èékánná, omi àti ọṣẹ kì í sì dé ibẹ̀. Ì báà jẹ́ 5 mm, ì báà jẹ́ 8, yóò bọ́ dáyámọ́ǹdì sílẹ̀ kó tó wọ iṣẹ́.

Nítorí náà ìbọ̀wọ́ kọ́ ló yẹ kó pinnu gíga. Ohun tí ẹ ní láti rò ni pé òrùka ìgbéyàwó nìkan ló máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ láti yí orí òrùka kejì ká, torí bó bá dá wà, á dà bíi pé nǹkan kan ti yọ kúrò lára rẹ̀. Kó lọ tààrà, kó dán, kó má ní ihò.

ÀwòránCAD_Ìbàdàn

Àǹtí, ẹ ṣeun fún èyí, ó yanjú ohun tí mi ò tíì sọ. Ọ̀nà kejì tí àlàfo fi lè kúrò ni kí òrùka dáyámọ́ǹdì wà ní 5.05, kí wọ́n wá tẹ òrùka ìgbéyàwó yí i ká. Fún ẹni tí kì í bọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ọ̀nà tó dára ni. Fún nọ́ọ̀sì, kò dára. Òrùka tó lọ tààrà àti ṣóńṣó ní 1.5 mm ló bá a mu.

Bẹ́sẹ́lì_Lásán

Ẹ dárí jì mí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ bezel? Irin tó yí òkúta ká pátápátá, kò ní èékánná, kò fa gèlè, kò fa ìbọ̀wọ́, ó sì ń dáàbò bo ìbàdí òkúta. Dáyámọ́ǹdì le ju gbogbo nǹkan lọ tí ọ̀rọ̀ bá kan fífá, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà mẹ́rin nínú ara rẹ̀ tó ti lè là bí a bá kọlù ú níbi tó yẹ. Ìbàdí tó tín-ín-rín ló sì máa ń ṣẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ ra òrùka èékánná.

Ọwọ́Àgbẹ̀dẹ

Mo bá ọ gbà lórí ààbò. Mi ò bá ọ gbà lórí "kò gbọdọ̀". Bezel kò yí ìṣirò òkè yẹn padà rárá: ìdí òkúta ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, àrọ náà ṣì ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè, nítorí náà 1.5 mm náà la ó fi sílẹ̀ fún ṣóńṣó, 6.05 náà ló máa jẹ́. Ẹni tó bá ra bezel torí ó rò pé á rẹlẹ̀, tó sì tún fẹ́ kí òrùka méjì fara kanra, á rí i pé gíga ò dínkù.

Ohun tó yàtọ̀ ni pé ògiri rẹ̀ nípọn ní 0.5 sí 0.6 mm, òkúta 7.4 á wá fẹ̀ ní 8.4 sí 8.6 lójú. Kí wọ́n há ìsàlẹ̀ ògiri náà, kó má lọ tààrà sísàlẹ̀ bí agolo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kan òrùka kejì. Kí wọ́n sì dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún búrọ́ọ̀ṣì. Àtúnṣe rẹ̀ ṣòro ju ti èékánná lọ: bí òkúta bá mì nínú bezel, gbogbo etí rẹ̀ ni wọ́n máa tún tẹ̀ yíká.

Tóyìn_Houston

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìṣirò 1.5 mm náà ló wà fún oval (òkúta tó rí bí ẹyin) àti emerald cut (èyí tó ní igun mẹ́rin, tó gùn)? Oval 1.5 kárátì ni mò ń wò, nǹkan bíi 8.9 × 6.3 × 3.9 mm, tó máa nà lọ sí ọ̀nà èékánná ìka.

ÀwòránCAD_Ìbàdàn

Rárá, àǹtí, ó yàtọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán sì ti ń kùnà. Apá tó gùn nínú oval ló máa ń na orí kọjá sórí òrùka ìgbéyàwó. Ìdí òkúta ní apá yẹn kò dúró ṣánṣán tó ti roboto, ó tẹ́jú díẹ̀. Fún oval tiyín, bí ẹ bá yọ 1 mm kúrò ní àárín, òkúta ò tíì gòkè ju nǹkan bíi 0.6 mm lọ, níbi tí roboto ti gòkè 0.86. Nítorí náà ẹ gbé ṣóńṣó sí 1.75. 1.75 + 3.9 = 5.65 mm. Ó ṣì rẹlẹ̀ ju roboto 1.5 kárátì lọ, torí pé oval kì í jìn tó o.

Emerald cut ló le jù. Kò ní ṣóńṣó, ìlà tó gùn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìlà náà sì lọ sí ọ̀nà tí òkúta nà sí. Òkúta 7.5 × 5.5 á ní ìlà tó gùn tó 2 mm. Bí ẹ bá fi yọ 1 mm kúrò ní àárín, ẹ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìdí òkúta ò tíì gòkè rárá. Gbogbo ìlà náà gbọ́dọ̀ ga ju òrùka ìgbéyàwó lọ: 1.8, pẹ̀lú nǹkan bíi 0.5 fún irin àti àyè. 2.3 + 3.6 = 5.9. Òkúta tó pẹlẹbẹ, síbẹ̀ orí rẹ̀ ga fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti roboto.

Bí ẹ bá dá oval tàbí emerald dùbúlẹ̀ lórí ìka, kó nà sí ọ̀tún àti òsì, ìṣirò náà á yí padà sí rere, torí apá tó dúró ṣánṣán ló máa kọjú sí òrùka kejì.

Tóyìn_Houston

Ẹ ṣé o. Ó ti yé mi.

ÒrùkaLẹ́wà

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹwà náà ń kọ́? Orí tó ga máa ń jẹ́ kí ìka kúkúrú dà bí èyí tó gùn, àwọn kan sì fẹ́ rí òkúta láti ẹ̀gbẹ́. Mi ò rò pé 7 mm jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

ÀwòránCAD_Ìbàdàn

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ bá fẹ́ 7, tó sì mọ ohun tó ń gbà, ẹ ṣe 7. Ohun tí mo kọ̀ ni kí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tàbí òrùka ìgbéyàwó ṣe àwáwí fún un. Ẹni tó bá fẹ́ ìrísí gíga láìgbé òkúta sókè sí i, kó ní kí wọ́n ṣe èjìká sí òrùka: ara òrùka á gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì títí dé agbọ̀n. Kí èjìká náà má fẹ̀ ju 2 mm ti ara òrùka lọ, kó má bàa ti òrùka kejì sẹ́yìn. Ó ń gbé ojú sókè, ó sì ń gba ìkọlù tó bá wá láti ọ̀tún tàbí òsì dúró kó tó dé èékánná.

Ẹ ṣọ́ra fún òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi yí abẹ́ ìbàdí ká. Ó lẹ́wà láti ẹ̀gbẹ́, àmọ́ ó ń mú kí agbọ̀n fẹ̀ ní apá ìsàlẹ̀, alágbẹ̀dẹ á sì gbé gbogbo orí náà sókè kí òrùka kejì lè kọjá.

Akin_Manchester

Ìbéèrè ìkẹyìn: wọ́n ní orí tó ga máa ń yí sísàlẹ̀ lórí ìka nítorí ìwúwo òkúta. Ṣé 6.05 á yí?

Ọwọ́Àgbẹ̀dẹ

Òkúta kọ́ ló wúwo. Kárátì kan jẹ́ 0.2 gíráàmù, ti ìwọ jẹ́ 0.3. Irin orí ló wúwo, platinum sì wúwo ju wúrà lọ. Àmọ́ ohun tó sábà ń mú òrùka yí ni pé oríkèé ìka tóbi ju ìdí ìka lọ: òrùka tó lè gba oríkèé kọjá á tú sílẹ̀ nígbà tó bá dé ibi tó máa jókòó sí. Kí alágbẹ̀dẹ jó hóró irin kéékèèké méjì mọ́ inú òrùka ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tàbí kó jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ara òrùka tẹ́jú díẹ̀. Má jẹ́ kí ó tún òrùka fún pinpin láti fi wo yíyí sàn, ìka á wú lọ́jọ́ ooru, kò sì ní bọ́ mọ́.

Akin_Manchester

Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i nìyí, ẹ bá mi wò ó:

Gbogbo ìwọ̀n láti inú òrùka. Ṣóńṣó òkúta ní 1.5 mm. Ojú òkúta ní 6.05. Ìgbàjá kan ṣoṣo, láti 2.7 sí 3.5. Èékánná mẹ́rin ní igun, 1.0 mm kí wọ́n tó gé e, kí ibi gígé má ju ìdá mẹ́ta. Ihò sí abẹ́ orí fún búrọ́ọ̀ṣì. Òrùka ìgbéyàwó tó lọ tààrà, 2.0 × 1.8, kó fara kan ara òrùka yíká.

Ọwọ́Àgbẹ̀dẹ

Ó dára. Fi mẹ́ta kún un.

Kọ 6.0 sí 6.2 dípò 6.05. Ọwọ́ ẹni tó ń jó irin, tó ń há a, tó sì ń dán an kò lè dúró lórí 0.05, wàá kàn fún un ní ohun tí kò lè ṣe. Ṣóńṣó ni kí o má gbà kó rẹlẹ̀ ju 1.5.

Bèèrè àwòrán láti ẹ̀gbẹ́, tí òrùka ìgbéyàwó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ìwọ̀n sí i lára. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní resin, ohun kan bíi ike, kí wọ́n tó rọ platinum, kí àfẹ́sọ́nà rẹ wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ kan, kó ti ọwọ́ bọ àpò, kó di irun, kó ká gèlè. Resin á ṣẹ́ bó bá kọlu nǹkan, ìyẹn náà á sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń kọlu nǹkan fún yín.

Ẹ̀kẹta, òrùka ìgbéyàwó gan-an ni kó wà lórí tábìlì alágbẹ̀dẹ nígbà tó bá ń há ìdí èékánná, kì í ṣe ìwọ̀n rẹ̀ lórí ìwé. Dídán lè jẹ 0.1 mm nínú irin. Bí méjèèjì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, á máa gbé wọn papọ̀ wò, á sì dúró níbi tí wọ́n bá ti fara kanra, kí ó tó fi òkúta sí i.